Bí Ọmọdé Bá Ṣubú: Eyín Iwájú àti Ìtàn Ọ̀nà Lekki sí Ajah

   

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú nítorí pé ó ń wá ẹni tó máa gbé e dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Lónìí, a máa ṣe méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé tó ṣubú tí eyín rẹ̀ kán la fẹ́ sọ, ní Lekki àti Ajah tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé, tàbí tí ẹ ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ara mi.

Ní ọdún 2003, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo wà ní kíláàsì kẹrin ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Ajah. Agogo ìsinmi lù, gbogbo wa sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi. Yanrìn ni ilẹ̀ iléèwé wa, àmọ́ sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe etí gọ́tà tó wà níwájú ẹ̀rọ omi yẹn. Ẹnì kan tì mí látẹ̀yìn. Ẹnu ni mo fi balẹ̀. Nígbà tí mo máa fi dìde, eyín iwájú mi kan, tòkè, ti wà nílẹ̀, odindi, tòun ti gbòǹgbò rẹ̀.

Tísà wa sáré dé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò bá mi wí. Ó ní kí n fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ó sì fún mi ní aṣọ kékeré kan kí n fi di ojú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣa eyín náà. Ó jù ú sórí òrùlé, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn: tí eyín bá yọ, jù ú sórí òrùlé kí aláǹgbá má baà rí i, òmíràn á hù dípò rẹ̀.

Òmíràn ò hù. Eyín ọmọdé ni àṣà yẹn wà fún, àwọn eyín tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Eyín tèmi ti di eyín àgbà, èyí tó yẹ kó bá mi dalẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn eyín kan tó jẹ́ ti aládàáni. Iye tí wọ́n pè fún wa ju owó ilé wa oṣù méjì lọ. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì padà sílé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé inú ẹ̀sítéètì, ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìdajì eyín iwájú rẹ̀ kán. Kí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e tó dé, wọ́n ti bá a mọ ọ́n padà. Tí wọn ò bá sọ fún ẹ, o ò lè mọ̀. Òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ṣubú, èmi náà ṣubú. Àwa méjèèjì la wo iwájú. Ẹni tí kálukú wa rí níwájú ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ gùn.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

Tí ọmọdé bá wọlé tọ àgbà lọ nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́yìn ìkíni ni: "Ọmọ ta ni ẹ́?" Àwọn dókítà wa náà béèrè ìbéèrè yìí, wọ́n sì fi ìṣirò sí i. Ní ọdún 1985, G. A. Oyedeji, tó jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ipò ìdílé àwọn ọmọ tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Ó wo iṣẹ́ tí àwọn òbí ń ṣe àti ìwé tí wọ́n kà, ó sì pín àwọn ìdílé sí ìpele márùn-ún, láti orí àwọn tó rí jájẹ jù lọ dé orí àwọn tí nǹkan ò ṣẹnuure fún rárá. Lọ́dún kan náà, Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n tiwọn jáde, èyí tó ń wo ìwé tí ìyá kà àti iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ìlera ọmọdé ní Nàìjíríà ṣì ń lo àwọn òṣùwọ̀n yìí.

Ẹ kíyè sí i pé wọn ò béèrè iye tó wà ní báńkì. Ta ló máa sọ òótọ́ fún ẹ? Iṣẹ́ àti ìwé ni wọ́n béèrè, nítorí pé àwọn méjèèjì máa ń sọ irú ilé tí ọmọ ń padà sí lẹ́yìn iléèwé, bóyá ẹnì kan wà nílé, bóyá ẹni náà mọ ohun tó yẹ kó ṣe, bóyá owó wà lọ́wọ́ láti fi ṣe é.

Nípa eyín gan-an ńkọ́? Ní ọdún 1994, O. D. Otuyemi, onímọ̀ nípa eyín ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ọdún méjìlá. Nǹkan bí 11 nínú 100 ló ti fi eyín iwájú ṣèṣe. Ní 1996, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn yẹn, nǹkan bí 3 nínú 10 ni. Ní 2005, Agbelusi àti Jeboda tẹ ìwádìí tiwọn jáde láti Èkó lórí eyín iwájú àwọn ọmọ ọdún méjìlá bákan náà. Lọ́dọ̀ wa àti lókè òkun, àwọn nǹkan kan máa ń jọra. Eyín méjì tó wà láàárín lókè ló ń fara gbá a jù. Ṣíṣubú ló ń fà á jù. Àwọn ọkùnrin sábà máa ń ju àwọn obìnrin lọ. Ọmọ tí eyín rẹ̀ yọ síwájú, tí ètè rẹ̀ kì í bò ó tán, tètè máa ń ṣèṣe, nítorí ètè ni tìmùtìmù tí Ẹlẹ́dàá fi síwájú eyín.

Ohun kan sì tún wà tó ń tún ara rẹ̀ sọ nínú àwọn ìwádìí ilẹ̀ wa: ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tí eyín wọn kán ni ẹnikẹ́ni ò tọ́jú eyín náà fún. Wọ́n kàn ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ọmọ olówó ni àbí ọmọ tálákà?

Ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀, nítorí ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín nìyí: lọ́wọ́ ta ni eyín ti ń kán jù?

Ẹ bá mi lọ sí Newham, ní ìlà-oòrùn London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé. Wagner Marcenes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ eyín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wò níbẹ̀. Ní 1995 sí 1996, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24 nínú 100 tó ti ṣèṣe. Ní 1998 sí 1999, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 44. Newham wà lára àwọn àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí jù ní London nígbà yẹn. Ẹnì kan lè wá sọ pé, "Ó tán, ìṣẹ́ ló ń kán eyín."

Ẹ dúró ná. Ní 2001, Cortes, Marcenes àti Sheiham tẹ ìwádìí jáde láti ìlú Belo Horizonte ní Brazil. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé tó rí jájẹ ló fi eyín ṣèṣe jù. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń ṣe fún irú èyí kò le: ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, tó ní bàtà onítáyà, tó ní odò ìwẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, ó ní ohun tó lè ṣubú lé lórí tàbí sínú rẹ̀. Ní 2003, ní ìlú Brazil mìíràn tó ń jẹ́ Cianorte, Nicolau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ tí kò gbé pẹ̀lú bàbá àti ìyá wọn méjèèjì, àti àwọn tí bàbá wọn ń fìyà jẹ gidigidi, ló ṣèṣe jù. Ẹ rí i pé "ìdílé" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpò nìkan. Ó kan ẹni tó wà nílé, àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Ní 2018, Petti, Glendor àti Andersson kó àwọn ìwádìí jọ láti gbogbo ayé. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó wà láyé lónìí tí wọ́n ti fi eyín ṣèṣe rí ju bílíọ̀nù kan lọ.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí, màá ní ìṣubú kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Ní ìlú kan, tálákà ló pọ̀ jù. Ní òmíràn, olówó ni. Ibi tí ìyàtọ̀ ti máa ń hàn kedere ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú. Láti mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ní Lekki àti Ajah, ó di dandan ká wo ẹ̀yìn bí àgbà.

Ilẹ̀ tí a ń ṣubú lé

Ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ni Lekki Phase 1 àti Ajah wà. Orúkọ náà ti sọ ìtàn ara rẹ̀. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, àárín méjèèjì ni àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tẹ abúlé wọn dó sí. Ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, Lateef Jakande di gómìnà Èkó. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ kan ń lọ síléèwé láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, nítorí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Jakande fòpin sí ìyẹn, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kíákíá, ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn tí inú wọn ò dùn sí i ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni. Àmọ́ ọmọ apẹja wọ kíláàsì. Ní àsìkò rẹ̀ náà ni wọ́n la ọ̀nà ọlọ́dà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Iléèwé àti ọ̀nà: ẹ̀bùn ńlá méjì nìyẹn. Ọ̀nà ló sọ ilẹ̀ di góòlù, tí ilẹ̀ bá sì ti di góòlù, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé Maroko. Maroko wà létí Victoria Island, níbi tí wọ́n ń pè ní Oniru lónìí àti àyíká rẹ̀. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀: awakọ̀, aránṣọ, oníṣòwò, ọmọ ọ̀dọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kéékèèké. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki fún wọn ní ọjọ́ méje péré. Wọ́n ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, omi lè bò ó. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, katakata wọlé. Ilé lọ, ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mọ́ṣáláṣí lọ, iléèwé náà lọ. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí àwọn ilé ìjọba tí wọn ò tíì kọ́ tán ní Ìlàsàn àti Ìkọ̀tá. Àwọn mìíràn wá ibi tí wọ́n máa fi orí pamọ́ sí títí dé Ajah. Ilẹ̀ tí wọ́n ní omi máa bò, ilé olówó ńláńlá ló wà lórí rẹ̀ báyìí.

Ẹ lè máa sọ pé, kí ló kan eyín nínú èyí? Ẹ rántí òṣùwọ̀n Oyedeji, iṣẹ́ òbí àti ìwé òbí. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Maroko lọ́jọ́ Jímọ̀, kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹta, kò ní kíláàsì mọ́. Ẹni tó wà ní ìpele kẹta lórí àkàbà lè bọ́ sí ìkarùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, láì jẹ́ pé ó ya ọ̀lẹ, láì jẹ́ pé ó ná ìnákúnàá. Nígbà tí dókítà bá wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé "Iṣẹ́ wo ni màmá rẹ ń ṣe?", ìdáhùn rẹ̀ ti ní katakata nínú. Ohun tí à ń pè ní "ipò ìdílé" kì í ṣe ohun tí ìdílé nìkan dá ṣe fún ara rẹ̀. Ìjọba wà níbẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó sì tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2016 àti oṣù kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame kúrò ní etí ọ̀sà ní Lekki. Apẹja ni wọ́n, Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ju 30,000 lọ. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé irú ìléjáde bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Àmọ́ ilé ti wó.

Odi kan, iléèwé méjì

Lẹ́yìn 1990, àwọn ẹ̀sítéètì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà náà, iléèwé aládàáni sì ń bá wọn yọ. Nígbà tí ìjọba Èkó ka àwọn iléèwé aládàáni ní 2010 sí 2011, wọ́n ju 12,000 lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹ má ṣe rò pé ti olówó ni gbogbo wọn o. Lójú ọ̀nà kan náà, ẹ máa rí iléèwé tó ní nọ́ọ̀sì, tó ní pápá oníkoríko, tó ní odò ìwẹ̀. Ẹ máa rí òmíràn tó jẹ́ pé ilé oníyàrá mẹ́ta ni, tí ibi ìṣeré rẹ̀ kò ju àyè tí èèyàn lè gbé mọ́tò méjì sí. Ìyá tó ń ta ẹja yíyan ló ń san owó iléèwé kejì yìí, nítorí ó ń wá ohun tó dára fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ iléèwé àkọ́kọ́ lè ṣubú síbi odò ìwẹ̀. Ọmọ ti èkejì lè ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tàbí kí dẹ́sìkì gbá a lẹ́nu níbi tí ọmọ márùn-ún ti jókòó síbi tó yẹ kí mẹ́ta wà. Ọmọ iléèwé ìjọba lè ṣubú sí etí gọ́tà, bí tèmi. Eyín kan náà ló kán.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé iléèwé náà yàtọ̀. Ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mọ́tò, bẹ́líìtì wà láyà rẹ̀. Ẹlòmíràn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ló jókòó sórí ọ̀kadà kan. Ní 2012, òfin ìrìnnà Èkó lé ọ̀kadà kúrò lójú àwọn títì ńláńlá. Ní oṣù kejì 2020, wọ́n fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Etí-Ọ̀sà wà lára wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, wọ́n tún fòfin de ọ̀kadà pátápátá níbẹ̀. Fún ẹnu àti orí àwọn ọmọ, kí ọ̀kadà dín kù dára. Àmọ́ òfin náà kò ra bọ́ọ̀sì fún ọmọ tó ń gbé ní òpin ọ̀nà oníyanrìn, tí iléèwé rẹ̀ sì jìnnà.

Wákàtí kan péré

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ìwádìí yìí.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Copenhagen tó ń jẹ́ Jens Ove Andreasen. Ó gbé ìwé ńlá jáde lórí eyín tó ṣèṣe ní 1972, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 2020. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ayé ni pé eyín àgbà tó jáde odindi kò tíì kú. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára gbòǹgbò rẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Tí wọ́n bá dá eyín náà padà sí ojú ihò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó lè mú padà. Tí ó bá gbẹ fún nǹkan bí wákàtí kan, ohun alààyè yẹn ti kú nìyẹn.

Wákàtí kan. Ẹ wá ro ọ̀nà Ajah. Ní ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó tọ́ògéètì lójú ọ̀nà Lekki. Ní 2013, wọ́n ṣí afárá Lekki sí Ìkòyí, owó ni wọ́n fi ń gba ìyẹn náà kọjá. Iléèwé ìmọ̀ eyín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960, wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì ọ̀sà, lẹ́yìn afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990, ọdún kan náà tí Maroko wó. Tí ọ̀nà bá dì, wákàtí méjì lè kọjá kí èèyàn tó ti Ajah débẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn eyín aládàáni wà nítòsí, àmọ́ owó ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Nàìjíríà fi ń sanwó ìtọ́jú. Nítorí náà, ọmọ kan wà tó fi ìṣẹ́jú méjìlá jìnnà sí dókítà eyín, òmíràn sì wà tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ jìnnà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ náà tún wà níbẹ̀, ìyẹn ìmọ̀. Ìyá mi ìbá tilẹ̀ ní gbogbo owó Èkó, eyín mi ti wà lórí òrùlé kí ó tó gbọ́. Tísà mi kò mọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Láti àwọn ọdún 1920, Isaac Ladipo Oluwole, dókítà ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú Èkó, ti wà lára àwọn tó ń mú ìlera wọ iléèwé, tí wọ́n ń lọ yẹ àwọn ọmọ wò níbi tí wọ́n jókòó sí. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Kì í ṣe èrò tuntun pé kí ìlera wá bá ọmọ ní iléèwé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ṣebí eyín lásán ni". Àwa tí a ń yin èjì, tí a máa ń fi eyín funfun júwe ẹni tó rẹwà, a mọ̀ pé ojú kọ́kọ́ ń bọ́ sí eyín iwájú. Ní 2002, Cortes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn ọmọ tí eyín wọn kán tí wọn ò tọ́jú rẹ̀. Ó ṣòro fún wọn ju àwọn ojúgbà wọn lọ láti jẹun, láti rẹ́rìn-ín, láti fi eyín hàn láàárín ẹgbẹ́. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kà á. Títí mo fi jáde iléèwé gíga, ẹ ò lè rí fọ́tò mi kan tí mo la ẹnu.

Ohun tí ẹ máa ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àbúrò yín, ẹ pe tísà tó wà lọ́dọ̀ yín, kí wọ́n gbọ́ ibi yìí.

Tí eyín àgbà bá jáde odindi, ẹ wá a rí. Orí rẹ̀, ibi funfun tí a fi ń gé oúnjẹ, ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Tí ó bá dọ̀tí, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án wéré, ẹ má ha á, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tí ọmọ náà bá wà lójú ara rẹ̀, ẹ dá eyín náà padà sí ojú ihò rẹ̀, kí ó fi aṣọ mímọ́ gé e mọ́ ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn, inú mílíìkì tútù ni kí ẹ fi í sí, ẹ má fi wé bébà, ẹ má fi sínú omi lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbéra lọ bá dókítà eyín lójú ẹsẹ̀. Tí eyín náà bá kán lásán, ẹ mú èyí tó kán dání, wọ́n lè rí i lẹ̀ padà. Tí ó bá jẹ́ eyín ọmọdé ló jáde, ẹ má dá a padà sójú ihò rẹ̀ o, nítorí ó lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìyẹn ni kí ẹ jù sórí òrùlé.

Àmọ́ tí a bá fi mọ sí mílíìkì, a ò tíì ṣe tán. Iléèwé tó ń gba owó lọ́wọ́ òbí, àti ìjọba tó ní iléèwé ọ̀fẹ́, ó yẹ ká bi wọ́n: sìmẹ́ńtì tó wà níbi ẹ̀rọ omi ńkọ́? Ta ló mọ ìtọ́jú pàjáwìrì nínú àwọn tísà yín? Ibo ni dókítà eyín tí tálákà lè rí láàárín wákàtí kan láti Ajah? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń gba owó lójú ọ̀nà, àti ẹni tó ń pín ilẹ̀, ní ìdáhùn sí ni.

Ní ọdún 2021, mo fi owó oṣù mi ṣe eyín àtọwọ́dá sí àyè tó ṣófo yẹn. Mo lọ fi han màmá mi. Ó wò ó títí. Ó ní, "Èló ni wọ́n gbà?" Mo pè é fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti fẹ́ ṣe é fún ẹ."

Mo ní, "Màmi, mo mọ̀ mà."

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Màmá mi ni mo rí níwájú lọ́jọ́ yẹn. Kò sá, kò sì fi mí sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀ ló pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ.

 Tí ẹ bá ní ìtàn eyín tiyín, tàbí ìtàn Maroko láti ẹnu àwọn òbí yín, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí iléèwé àwọn ọmọ yín, ó lè jẹ́ pé eyín ọmọ kan ló máa gbà là lọ́la. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa rìn jẹ́jẹ́. Ó dàbọ̀ o.